Mo Tilẹ̀kùn Mọ́ Agbẹ̀bí Nítorí Kẹ̀kẹ́

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ọjà, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Amsterdam, níbi tí òtútù kì í jẹ́ kí orúnkún tètè tẹ̀. Mo kí Bàbá, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ta aṣọ ní ọjà Takie.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni lẹ́tà yìí gbà. Láti ìgbà tí Bọ̀ọ̀dá Ràímì ti fi fọ́tò ara wọn lórí kẹ̀kẹ́ ránṣẹ́, ẹ kì í ṣí lẹ́tà tó bá ti ibí wá mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnìkan á ka ìwé ìròyìn sókè ní ìsọ̀ Bàbá Risi, ẹ ó sì gbọ́.

Èmi pẹ̀lú yín la jọ bínú sí wọn nígbà náà, n kò ní purọ́. Nígbà tí àwọn ará ọjà ń rẹ́rìn-ín pé ọmọ yín re ìlú òyìnbó tán, kẹ̀kẹ́ bíi ti àgbẹ̀ Ìkòyí-Ilé ló ń gùn, ojú ti èmi náà. Ẹ rán mi wá wò ó bóyá ìyà ń jẹ wọ́n. Ẹ ní kí n sọ fún wọn pé bí wọn kò bá tíì ra mọ́tò, kí wọ́n má pè yín ní ìyá mọ́. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà. Bọ̀ọ̀dá kò jẹun lọ́jọ́ yẹn.

Màámi, gbogbo ìlú ló wà lórí kẹ̀kẹ́. Tísà, ìyá arúgbó, ọkùnrin tó de táì, abiyamọ tó gbé ọmọ kan síwájú, òmíràn sẹ́yìn. Wọ́n ní ọ̀nà tiwọn lọ́tọ̀, òjò kì í sì í lé wọn wọlé. Mo bi Bọ̀ọ̀dá bóyá epo ló wọ́n. Wọ́n ní rárá, pé dókítà àwọn gan-an kẹ̀kẹ́ ló ń gùn. N kò gbà wọ́n gbọ́. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bo ìtìjú ni.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan ni ìrọbí mú Múnírátù, ìyàwó wọn tó jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́. Obìnrin púpọ̀ ló ń bímọ sínú ilé níbí, agbẹ̀bí ló ń wá bá wọn. Bọ̀ọ̀dá fi fóònù pè é, wọ́n sáré padà sókè lọ di ìyàwó wọn mú, wọ́n ní kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí n ṣílẹ̀kùn fún un. Mò ń retí mọ́tò. Obìnrin kan fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó gbé báàgì, omi òjò ń kán lára rẹ̀, ó ń sọ èdè tí n kò gbọ́. Mo rò pé ọjà ló ń kiri. Mo mi orí fún un pé a kò rà, mo tilẹ̀kùn.

Ó ń tẹ aago, n kò dá a lóhùn. Múnírátù ń ké lókè. Bọ̀ọ̀dá pariwo bi mí pé ṣé agbẹ̀bí kò tíì dé ni. Mo ní ó tì o, oníkirí kan ló ń yọ wá lẹ́nu. Ńṣe ni wọ́n fò sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, obìnrin náà ti gun kẹ̀kẹ́, ó ti ń lọ. Wọ́n ké pè é. Ó sáré wọlé, kò tilẹ̀ wò mí.

Ìwọ́ ti wé mọ́ ọmọ lọ́rùn. Ẹ̀rù bà mí, Màámi. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń sunkún, títí mo fi gbọ́ ẹkún ọmọ.

Obìnrin ni, ara rẹ̀ le. Ẹ mọ̀ pé Àìná lorúkọ tó mú wá. Lọ́jọ́ kẹjọ, álífà bèèrè orúkọ yòókù. Bọ̀ọ̀dá ní èyí tí ìyá àwọn bá sọ ọ́ ni àwọn ń dúró dè. Àìná nìkan la ṣì ń pè é.

Ìyà kò jẹ ọmọ yín. Ẹnu tí ẹ dì sí wọn ló ń dùn wọ́n. Èmi ti tilẹ̀kùn nítorí kẹ̀kẹ́, díẹ̀ ló kù kí n fi pa ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí tiyín.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó fọwọ́ yín gbé Àìná. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àti àwọn tó rẹ́rìn-ín.

Èmi ni ọmọ yín, Sìkírátù,
pẹ̀lú Bọ̀ọ̀dá Ràímì, tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọ yín.