Kí Shalom Má Gba Báàgì Mi Mọ́

Màámi,

Ẹ kú àárò wa. Ara wa le, ẹ má mikàn.

Àmọ́ inú ń bí mi. Ọ̀dà àtijọ́ là ń ha kúrò lára ògiri ní Berlin níbí. Òjé wà nínú ẹ̀, májèlé ni. Òfin ní ẹni tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀, tó sì gba Schein, ìyẹn ìwé àṣẹ, ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Mọ́rúfù ọ̀gá wa, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, ló gba Schein. Inú mọ́tò ló máa ń jókòó sí. Àwa tá ò ní nǹkan kan là ń ha á. Mo béèrè aṣọ iṣẹ́, ó ní mo ti ń ṣe ajẹbọ́tà!

Tí mo bá délé ní Hamburg ní Friday, Shalom ọmọ mi á sáré wá kúnlẹ̀, á gba báàgì mi, á gbá a mọ́ àyà, bí ẹ ṣe kọ́ ọ lórí fóònù. Aṣọ tí mo fi ń ha ọ̀dà, tí eruku ẹ̀ kún ara ẹ̀, ló wà nínú báàgì yẹn. Dókítà kàn ní ká tún gbé ọmọ náà wá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nítorí òjé ni, kò le rárá. Mo ní kó yéé gba báàgì mi, ó fi Jámánì dá mi lóhùn pé Màmá, ìyẹn ẹ̀yin, ló ní kí òun máa gbà á.

Ẹ bá mi kí Àǹtí Fọláwùnmí. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Shalom kí n tó délé lọ́la, kí ẹ ní kó má gba báàgì mi mọ́.

Ọmọ yín,
Olúdàpọ̀