Ọjọ́ Tí Bàbá Sọ̀kalẹ̀ Nínú Ọkọ̀ ní Stockholm

Màmá wa, Aune, yìnyín ti yọ́ lórí adágún nígbà mẹ́ta báyìí láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Ọdún mẹ́ta rèé, a ò sì tíì ṣíwọ́ láti máa gbé ife kọfí yín kalẹ̀ láàárọ̀. A ó gbé e kalẹ̀, a ó tún gbé e padà.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà. Sauna etí omi, ilé ìwẹ̀ olóoru tí ẹ fi sílẹ̀ láìní òrùlé, ti parí, ooru rẹ̀ sì dára. Igi ápù yín ti so. Saimi, ọmọ-ọmọ yín àgbà, ti ń wa mọ́tò fúnra rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì dín rárá. Ṣùgbọ́n ìròyìn ọdún yìí ju gbogbo ìyẹn lọ. Bàbá sọ̀kalẹ̀, Màmá. Tauno ọkọ yín sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn ní Stockholm!

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Bí ọjọ́ tí ẹ ṣègbéyàwó bá ti yí po, ẹ̀yin méjèèjì á wọ ọkọ̀ ní Helsinki, nílẹ̀ Finland wa níbí, nírọ̀lẹ́. Bàbá á jó tángò títí àwọn olórin á fi palẹ̀ mọ́. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ ní Stockholm láàárọ̀, wọ́n á fa aṣọ ìbora borí, wọ́n á ní àwọn ti rí ìlú náà láti ojú fèrèsé. Irọ́ ni. Èdè Sweden tí wọ́n fi ipá kọ́ wọn nílé ìwé ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Wọn ò fẹ́ kí ará ibẹ̀ bi wọ́n ní nǹkan, kí wọ́n wá dúró bí òpó. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń gòkè lọ sígboro, ẹ ó sì mú búrẹ́dì kékeré kan bọ̀ fún wọn, tó ń ta sánsán nínú àpò yín, tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Bàbá á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á nu ẹnu: "Àwọn ará Sweden yìí ò mọ búrẹ́dì ṣe. Tiwa máa ń wú." Ẹ̀yin á kàn rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, Bàbá ò wọ ọkọ̀ mọ́. Wọn ò jó mọ́. Oúnjẹ alẹ́ pàápàá, lórí ìdúró ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Ó wá di oṣù yìí, wọ́n ṣàdédé ní àwọn fẹ́ jẹ búrẹ́dì yẹn, níbi tí ẹ ti ń rà á gan-an. Wọn ò bi yín ní orúkọ ibẹ̀ rí. A mọ̀ pé bí wọ́n bá lọ tí wọn ò rí i, wọ́n á padà wálé, wọ́n á tilẹ̀kùn, ó parí nìyẹn.

Saimi ló bá wọn lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ́ lédè Sweden nínú ọkọ̀, pé kí wọ́n fún àwọn ní búrẹ́dì méjì.

Saimi ní, "Bàbá àgbà, ẹ ń sọ ọ́ bí ẹni tí eyín ń dùn."

"Dákẹ́ jàre. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ ni mo ń lọ, n ò wá sọ́dọ̀ rẹ."

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n wọ bàtà ijó wọn, wọ́n sọ̀kalẹ̀. Wọ́n rántí pé ẹ máa ń dárúkọ àtẹ̀gùn onígi tó gun àpáta tó wà lókè ibùdókọ̀. Bàbá ń gùn ún, wọ́n ń dúró, wọ́n ní àwọn ń wo ìlú.

Saimi ní, "Ṣé ìlú lẹ ń wò ni, àbí èémí lẹ ń wá?"

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé òkè Söder, àdúgbò tó wà lórí àpáta náà, Saimi pàápàá gbàgbé ẹ̀fẹ̀. Omi ń tàn yòò lápá ọ̀tún àti lápá òsì, àwọn ọkọ̀ kéékèèké funfun ń lọ, wọ́n ń bọ̀ bíi pẹ́pẹ́yẹ, ṣóńṣó àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ń gún ojú ọ̀run. Bàbá ṣí fìlà. "Fèrèsé ti rẹ́ mi jẹ," wọ́n ní.

Ó wá kù kí wọ́n wá ibi búrẹ́dì. Wọ́n ń yọjú sí ṣọ́ọ̀bù kan tẹ̀lé òmíràn, wọ́n ń fa imú, wọ́n ń mi orí. Wọ́n kọjá láàárín àwọn ilé onígi pupa, wọ́n rékọjá afárá lọ sí ìlú àtijọ́, níbi tí òpópónà ti tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí èjìká Bàbá fi ń kan ògiri méjèèjì, inú wọn sì dùn bíi ti ọmọdé. Àmọ́ wọn ò rí búrẹ́dì. Ọkọ̀ ti fẹ́ máa lọ. Saimi ní, "Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ ká padà." Wọ́n tún padà dé òkè Söder, wọ́n ti dorí kodò, ni afẹ́fẹ́ bá gbé òórùn kan wá.

Bàbá dúró. "Òun nìyẹn."

Ilẹ̀kùn búlúù kékeré ni. Ìyá àgbàlagbà kan wà nínú ilé, ìyẹ̀fun wà lórí ìpéǹpéjú rẹ̀. Bàbá ṣí fìlà, wọ́n dúró ṣánṣán, wọ́n ka gbólóhùn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá náà wò wọ́n, ó sì fi èdè Finland tó já gaara dáhùn: "Apá ibo nílé lẹ ti wá? Ìlú Kemi ni wọ́n bí èmi sí."

Saimi fara ti ògiri, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Màmá, ọmọ ilé wa ni! Ọmọ ilé wa ni Bàbá ti ń bú ní gbogbo ọdún wọ̀nyí!

Ó gbé búrẹ́dì méjì kalẹ̀, ó gbóná, ó rí roboto bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́. Bàbá mi orí. "Kì í ṣe èyí. Ti ìyàwó mi máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ."

Ìyá náà jókòó wọ̀ọ̀. "Ẹ̀yin ni Tauno. Tauno tó ń sùn nínú ọkọ̀." Ó ní, "Mo máa ń fẹ́ fi páálí dì í fún un kó má baà rún. Aune á ní rárá. Níwájú mi níbí ló ti máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ àpò náà. Ó ní bí búrẹ́dì bá dé ọ̀dọ̀ yín ní wíwú, ẹ ò ní wá fúnra yín láéláé."

Ẹ ò ṣeé bá ṣeré, Màmá. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n sì sọ fún un pé ẹ ti lọ. Ìyá náà di ọwọ́ wọn mú, ìyẹ̀fun kún ọwọ́ àwọn méjèèjì. Bàbá jẹ ọ̀kan nínú búrẹ́dì gbígbóná náà. Wọ́n ní, "Ó wú. Aune, ó wú."

Wọ́n sáré sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn, Saimi ló wà lẹ́yìn. Nígbà tí tángò bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀ nírọ̀lẹ́, Bàbá na ọwọ́ sí Saimi pé kó dìde wá jó.

Lónìí, gbogbo wa wá sí ibojì yín. Bàbá tan àbẹ́là, wọ́n wá fa búrẹ́dì kejì yọ nínú àpò ẹ̀wù wọn. Ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó.

"Bó o bá fẹ́ èyí tó wú," wọ́n ní, "ìwọ náà wá mú un fúnra rẹ."

A dúró pẹ́ díẹ̀, bíi pé ẹ máa wá. Àárò yín ń sọ wá, Màmá. A fẹ́ràn yín síbẹ̀, ẹni tó ń fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ búrẹ́dì.