Àpò Ọgọ́rùn-ún Kílò

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà
Nélida ọmọ mi ṣubú lónìí níbi tí a ti ń di ọ̀dùnkún sínú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Lima. Àpò ọgọ́rùn-ún kílò wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gun pákó dé ìdajì, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ dún — mo gbọ́ ọ. Kò sunkún. Ọmọ mi ni.

Ìṣẹ́gun, 4
Kò lè dìde. Mo fi ọ̀já tí mo hun dì í níbàdí, ó le dáadáa, bí ìyá mi ṣe máa ń dì mí. Dókítà tú u. Ó ní, "Ìyá, ọ̀já kì í to eegun." Ọmọ àná. Kí ló mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ikùn-Àmù wá sí ibùdókọ̀ — Don Eleuterio, olówó ọ̀dùnkún. Ó ní ọ̀lẹ ni Nélida, àpò òun kò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe rí, òun ò ní tọ́jú rẹ̀. "Ṣebí Doña Eudocia tó dúró yìí ló bí i? Ogójì ọdún ló fi gbé àpò mi. Ẹ bi í." Gbogbo alábàárù wò mí. Orí mi wú, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Àìkú, 9
Nélida sọ̀rọ̀ níkẹyìn. "Màmá, àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ẹni tó bá ń pín àpò sí méjì kò ní eegun lẹ́yìn?"
Èmi ni.

Ọjọ́ Ajé, 10
Ọdún mélòó ni mo ti ń sùn sórí ilẹ̀? Mo ní bẹ́ẹ̀dì ń gbóná. Irọ́. Ẹ̀yìn ni. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ọjọ́rú, 12
Obìnrin ìjọba tó ń yẹ ibi iṣẹ́ wò dé pẹ̀lú gègé. Ohun tó bá kọ ló máa pinnu ìtọ́jú Nélida. Ikùn-Àmù tì mí síwájú: "Ìyá Irin, ẹ sọ fún un." Basilio alábàárù ń rẹ́rìn-ín: "Màmá yìí? Ẹ lọ bi àpò bóyá Màmá ti ṣe é léṣe."
Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn. Mo gbé bùláòsì sókè. Mo ní kí obìnrin náà fọwọ́ kan ibi tó wọ́.
"Kọ ọ́ sílẹ̀. Irú àpò yìí ló ba ẹ̀yìn mi jẹ́, ní ọdún 1998. Mo fi í pamọ́. Ọmọ mi rò pé mo lágbára ni, ó tẹ̀ lé mi."
Ẹ̀rín tán. Basilio kọjú sí ògiri, ó gbé ẹ̀wù tirẹ̀ náà sókè. Casimiro, alábàárù mìíràn, tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn, àgbà ọkùnrin mọ́kànlá, ẹ̀yìn wọn wọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ikùn-Àmù lọ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀.
Obìnrin náà kọ títí tádà fi tán nínú gègé.
Àmọ́ èmi ni mo kọ́kọ́ ṣí tèmi. Mo rí i dájú pé ó kọ ìyẹn náà.