Odò Ń Kún, Ẹ̀rọ Ní Ó Ń Fà

                                        Yàrá Kejì, Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́,
                                        Ẹ̀yìn Dáàmù.
                                        Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹsàn-án.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àárẹ̀, ẹ kú ìnira ibùdó ìwakùsà tí ìpè fóònù kì í wọ̀ yẹn. Ṣé ara yín le? Ẹ̀yìn tó ń dùn yín nígbà tí ẹ wá sílé kẹ́yìn ńkọ́, ṣé ó ti lọ? Ìyàwó yín kọ̀wé sí mi pé àwọn ọmọ wà dáadáa, pé àbígbẹ̀yìn ti ń sá káàkiri ilé, kò sì sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bà tí kò ní fọ́. Mo ní ẹ̀jẹ̀ yín ni, kò sí ẹjọ́. Èmi náà wà, mo dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ ò fẹ́ẹ́ gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá láti ìjẹta.

Ẹ má bínú pé mi ò ní pẹ́ lórí ìkíni. Ọ̀rọ̀ Màmá ni mo fẹ́ bá yín sọ, ìyá tí wọ́n bí yín, tí wọ́n sì tọ́ èmi ọmọ àbúrò wọn. Mo fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ìwé sí wọn pé kí wọ́n kúrò nílé wọn ní ẹ̀bá odò, kí wọ́n gòkè wá sọ́dọ̀ mi. Bí ẹ bá ti ka ibí yìí, ẹ kọ ọ́ ná kí ẹ tó ka ìyókù. Awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá pẹ̀lú ẹrù oúnjẹ yín yóò dúró gbà á.

Ẹ rántí ètò orí kọ̀ǹpútà tí ẹ ṣe fún wa kí ẹ tó fi ibí sílẹ̀, èyí tó ń ya àwòrán omi dáàmù sínú fèrèsé kan lójú kọ̀ǹpútà: omi tó bá wà níbi tó yẹ, àwọ̀ ewé; omi tó bá ń kún, àwọ̀ ìyeyè; tó bá dé ibi ewu, á pupa, á sì máa ké. Látìgbà tó ti dé, kò sẹ́ni tó ń rìn dé orí ògiri lọ wo omi mọ́. Ta ló fẹ́ rìn nínú òjò nígbà tí àwòrán wà níwájú rẹ̀ nínú yàrá? Èmi náà ò rìn.

Ní ìjẹta, fèrèsé náà bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Mo tẹ ibí, kò gbọ́. Mo tẹ ọ̀hún, ó ṣe bí ẹni pé òun kọ́ ni mò ń bá wí. Ni mo bá ṣe ohun tí ẹ kọ́ mi. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ètò tó ní fèrèsé dà bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń rán jáde. Kó tó fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà, ìyá á ti sọ̀rọ̀ sí i létí: "Tí wọ́n bá fún ọ lóúnjẹ, sọ pé o ti yó." Wọn ò bí ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n ohun tó máa ṣe níta nìyẹn. Ẹ ní ọ̀rọ̀ àyíká nìyẹn: orúkọ kan, àmì ọgbọọgba, àti ohun tí a fẹ́. Ọ̀kan ń sọ fún ètò bí lẹ́tà ojú rẹ̀ ṣe máa tóbi tó, ọ̀kan ń sọ èdè tí yóò sọ, ọ̀kan ń sọ fún un pé kó máa ròyìn gbogbo ohun tó bá ń ṣe. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ̀yin náà lẹ máa ń pa á lówe, tí ẹ ó sì fọwọ́ gbá mi lórí.

Mo ṣí ojú dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ. Mo tẹ OMI_ROYIN=BEENI síwájú orúkọ ètò náà, mo sì jẹ́ kó jáde. Ha, ó ròyìn! Ìlà ń tẹ̀ lé ìlà bí ẹni tí wọ́n ti pa lẹ́nu mọ́ tipẹ́. Ibi tó ti ń dì ò tilẹ̀ le, àwòrán kan ló wúwo jù. Ṣùgbọ́n mo rí ìlà kan tó ní òun ń ka iye omi láti inú fáìlì àpẹẹrẹ. Mo tún un kà. Àpẹẹrẹ kẹ̀? Èyí tí ẹ ṣe ká lè máa fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun, tí omi inú rẹ̀ kì í kún láéláé? Mo ní kí kọ̀ǹpútà to gbogbo ọ̀rọ̀ àyíká tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ síwájú mi. Ó wà láàárín àwọn yòókù, ó jókòó jẹ́jẹ́ tirẹ̀: OMI_APEERE=BEENI.

Mo yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò fún ìgbà kan péré, mo sì ṣí ètò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti wà ní ṣíṣí. Fèrèsé méjì, ètò kan náà, orí kọ̀ǹpútà kan náà. Ti ọwọ́ òsì tutù minimini, àwọ̀ ewé, omi inú rẹ̀ tilẹ̀ ń fà. Ti ọwọ́ ọ̀tún pupa láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo sáré pa ohùn rẹ̀. Títí di báyìí, mi ò mọ ìdí tí mo fi pa á.

Mo wọ bàtà òjò, mo lọ sórí ògiri fúnra mi. Ẹ rántí àwọn nọ́ńbà funfun tí wọ́n kùn sára ògiri láti fi wọn omi? Mi ò rí ìkankan. Omi ti bò wọ́n. Ó dúdú, igi wíwó ń léfòó lórí rẹ̀, kò sì pariwo rárá. Ká ní ó ń pariwo ni, ì bá sàn. Mo sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀yìn ògiri, mo rí ibi tí omi ti ń sun jáde láàárín òkúta nísàlẹ̀. Kì í ṣe omi tó mọ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Omi pípọ́n ni, ó ń kó erùpẹ̀ inú ògiri jáde. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ju èmi lọ.

Mo gba ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Kò-Séwu lọ. Ẹ ṣì rántí rẹ̀, ẹ̀yin lẹ kúkú sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ẹ má bá mi wí pé mò ń pe ọ̀gá mi ní "ó". Ọ̀wọ̀ tó wà láàárín wa ti tán láti ìjẹta. Ohun tó sọ ni pé nígbà tí àwọn àgbà láti olú ilé-iṣẹ́ wá ṣàbẹ̀wò, òun ò fẹ́ kí nǹkan pupa lójú àlejò. Ló bá kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú fáìlì tí kọ̀ǹpútà máa ń kà nígbàkúùgbà tí a bá wọlé sórí rẹ̀, tí gbogbo ètò tí a bá ṣí sì ń jogún rẹ̀ láìbéèrè. Àlejò lọ, ọ̀rọ̀ ò lọ. Mo kọ́kọ́ rò pé ó gbàgbé ni. Kò gbàgbé rárá! Ó ní látìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń pe òun láti olú ilé-iṣẹ́ pé kí ló dé tí ọ̀dọ̀ yín pupa, oorun òun sì ń dùn.

Mo sọ fún un pé omi ti bo gbogbo nọ́ńbà ara ògiri. Ó ní, "Ẹ̀rọ tó ń wọn omi ló bàjẹ́." Mo ní mi ò lo ẹ̀rọ, ojú mi ni mo fi rí i, kó dìde ká jọ lọ. Ó wo bàtà rẹ̀, ó wo òjò níta, ó ní òun ń bọ̀ lọ́la. Lọ́la! Mo sọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í sọ sí àgbà, mo sì lọ pa ìlà yẹn rẹ́ kúrò nínú fáìlì níṣojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ètò tó ti jáde tipẹ́ kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nílé lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Àfi ká pa gbogbo rẹ̀ dé, ká jáde, ká tún wọlé. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa á dé, torí àwòrán inú fèrèsé àkọ́kọ́ yẹn ni olú ilé-iṣẹ́ ń wò lọ́hùn-ún, wọn ò sì gbọdọ̀ rí òkùnkùn. Mo na ọwọ́ sí i. Ó gbá ọwọ́ mi dànù, ó gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ìṣọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì kọ ìlà náà padà. Mi ò wọ ibẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Mo pe olú ilé-iṣẹ́, nítorí àwọn nìkan ló lè pàṣẹ pé kí a ṣí ẹnu ọ̀nà omi. Obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù ló gbé e. Ó ní, "Àǹtí, ẹ farabalẹ̀. Àwòrán yín ló wà níwájú mi yìí, àwọ̀ ewé ni. Omi yín tilẹ̀ ń fà." Mo ní irọ́ ni àwòrán náà ń pa. Ó ní ṣé kí òun bá mi pe ọ̀gá mi.

Ni mo bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Màmá. Wọ́n wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu wọn, kọ̀ǹpútà tí ẹ gbé kalẹ̀ fún wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwòrán wa sì wà lójú rẹ̀, tútù báyìí. Ẹ ò lè gbàgbé ìgbà tí wọ́n pariwo pé omi ń bọ̀, tí gbogbo àdúgbò sá, tí àwọn olè sì palẹ̀ gbogbo orí ẹ̀rọ Màmá mọ́. Omi ò wá. Ẹ̀yin lẹ gbé kọ̀ǹpútà yìí wá lẹ́yìn náà, tí ẹ sọ fún wọn pé, "Màmá, ẹ má gbọ́ tẹnikẹ́ni mọ́. Eléyìí ni kí ẹ máa gbọ́." Wọ́n gbọ́ràn sí yín lẹ́nu, Ẹ̀gbọ́n. Ìṣòro mi nìyẹn.

Mo fi àwòrán fèrèsé pupa tí mo ti fi fóònù yà hàn wọ́n. Wọ́n wọ jígí, wọ́n wò ó, wọ́n wo ti ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Wọ́n ní, "Ọ̀kan nínú méjèèjì yìí ń parọ́. Èyí tí ọmọ mi gbé kalẹ̀ ò parọ́ fún mi rí. Ìwọ ńkọ́? Ìwọ tó o máa ń jẹ ẹran inú ìkòkò, tó o máa ń ní ológbò ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni ẹkún gbà á lẹ́nu mi. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká jọ lọ wo ògiri. Wọ́n ní àwọn tí àwọn ní àwòrán nínú yàrá, kí ni àwọn fẹ́ lọ fi eékún tó ń ro àwọn wò? Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún wọn pé ètò ọmọ wọn ò ṣẹ̀, pé ẹlòmíì ló sọ̀rọ̀ sí i létí? Wọ́n fi etí aṣọ tí wọ́n ń rán nu ojú mi, wọ́n ní, "Sọ fún un kó kọ̀wé sí mi. Tó bá ní kí n dìde, mo dìde. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni mò ń tẹ̀ lé."

Gbogbo àdúgbò sì ń wo Màmá. Àwọn ará ilé kejì ti di ẹrù nígbà tí mo sọ fún wọn. Ìgbà tí wọ́n rí i pé Màmá ṣì ń gba aṣọ oníbàárà, wọ́n tú ẹrù wọn padà sílẹ̀.

Ibí yìí ni mo kọ lẹ́tà yìí dé tí awakọ̀ yín fi wọlé. Ó ní òun ò ní lè gba ọ̀nà abẹ́ ògiri tí òun máa ń gbà, pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti la láti òwúrọ̀, ọkọ̀ kan ti há sí i. Orí òkè ló máa gbà yí ká. Mo bi í pé ìgbà wo ló máa wá dé ọ̀dọ̀ yín. Ó wo táyà ọkọ̀ rẹ̀, ó ní ó lè tó ọjọ́ méjì.

Ó ti yé mi pé ìwé yín ò ní bá wa. Mo ṣì ní kí ó mú tèmi lọ, torí ẹ gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín lọ́jọ́ iwájú pé ètò yín ló pa èèyàn. Èmi ti di aṣọ mi, mo ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Màmá. Màmá ò ní sá nítorí ara wọn, ẹ mọ agídí wọn. Ṣùgbọ́n mo máa jókòó sórí àga àwọn oníbàárà níwájú wọn, mo máa sọ fún wọn pé ibi tí wọ́n bá wà ni mo wà. Mi ò rò pé wọ́n lè jẹ́ kí ọmọ àbúrò wọn kú sínú ilé wọn. Bóyá wọ́n á dìde nítorí mi. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ẹ bá mi kí àwọn tí ẹ jọ wà níbẹ̀. Ẹ bá mi gbé àbígbẹ̀yìn mọ́ra nígbà tí ẹ bá délé, kó máa fọ́ nǹkan lọ. Tí ẹ bá fẹ́ dá èsì padà, ẹ má kọ ọ́ sí èmi nìkan. Ẹ kọ orúkọ àwa méjèèjì sí i, kí ẹ sì ní kí awakọ̀ bèèrè wa lọ́wọ́ àwọn tó bá ṣẹ́kù lókè.

                                        Èmi ni àbúrò yín tó fẹ́ràn yín,
                                        Ẹnu-Ò-Sinmi.