Kànga Tí N Kò Dé

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́.

Mo ń bọ́ bàtà lọ́wọ́ nígbà tí Tóyìn, ọmọ mi, gbé iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ dé. "Mọ́mì, kí ni ‘thorough’ túmọ̀ sí?"

Mo ní iṣẹ́ téèyàn ṣe fínnífínní ni, tí kò fo ibì kankan. Béèyàn bá gbálẹ̀ tó sì gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ‘thorough’ nìyẹn. N kò tiẹ̀ kólòlò.

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo kọ sínú ìwé iṣẹ́ mi lọ́sàn-án: ‘thorough inspection’, kànga méjèèje ní Imoru. Èmi wolé-wolé! Mẹ́fà ni mo yẹ̀ wò. Ìkeje wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òjò ń ṣú, mo fẹ́ tètè rí ọkọ̀ wá sí Ọ̀wọ̀. Mo kàn fàmì sí i ni.

Ìyá àgbà tó ni kànga ìkeje náà gbé ọsàn wá bá mi nídìí ọkọ̀. "Wolé-wolé, ṣé ẹ ti rí tèmi? Mo gbá ọ̀nà ibẹ̀ dè yín láàárọ̀."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó dáa."

"Ọpẹ́ o! Inú ló ń run àwọn ọmọ-ọmọ mi, la ò ṣe mu ún láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. A ó máa mu ún padà nìyẹn."

Mo gba ọsàn. Mo tiẹ̀ dúpẹ́.

N kò ní nọ́ńbà rẹ̀. Kò sọ́kọ̀ tó ń lọ Imoru mọ́ lónìí. Aago mẹ́fà ni tàárọ̀ máa ń gbéra, wọ́n á sì ti pọnmi kànga yẹn kí n tó débẹ̀.