Ìtàn Ìgbésí Ayé Dókítà Oyin, Ẹni Tó Kan Ilẹ̀kùn fún Ogún Ọdún

Ọdún 1946 ni wọ́n bí bàbá wa sínú yàrá kan ṣoṣo lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn tó ń tún aago ṣe. Aránṣọ ni ìyá wọn. Ọmọ mẹ́rin ni ìyá náà bí, Bàbá nìkan ló dúró.

Ní 1953 ni wọ́n wọ ilé ìwé. Lọ́jọ́ ìdánwò kan, tíṣà bá oyin mẹ́fà nínú páálí ìṣáná wọn, gbogbo kíláàsì sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Wọ́n kàwé títí wọ́n fi gboyè ọ̀mọ̀wé, wọ́n di olùwádìí oyin ní 1975.

Ní 1977, wọ́n fẹ́ nọ́ọ̀sì tó tọ́jú wọn nígbà tí oyin ta wọ́n lójú. Ìyá wa máa ń sọ pé ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lòun fi fẹ́ ojú wíwú, kóun tó mọ ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Bàbá ń lọ láti oko dé oko, wọ́n ń kọ́ àwọn tó ń sin oyin bí a ṣe ń kórè láì pa agbo run. Ọ̀rẹ́ wọn àtàtà ni Bàbá Káfíńtà, tó ń kan ilé oyin fún gbogbo èèyàn, tó sì ní ogójì tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

A kò ní torí ikú fi ọdún 2004 pamọ́. Àrùn tó ń mú idin oyin jẹrà wọ oko mẹ́sàn-án, dandan sì ni kí wọ́n sun gbogbo ilé oyin tó ràn. Ogójì ti Bàbá Káfíńtà jóná lójú rẹ̀. Àwọn èèyàn di ẹ̀bi ru oyin igbó. Ṣùgbọ́n Bàbá ṣí ìwé tí wọ́n ń kọ gbogbo oko tí wọ́n bá lọ sí, wọ́n rí i pé ipasẹ̀ àwọn gan-an ni àrùn náà tọ̀. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń ṣí ilé oyin ló gbé e kiri. Àwọn ló ń kọ́ni pé ká fi iná jó ọ̀bẹ ká tó lọ sí oko mìíràn. Ìkánjú mú wọn, wọ́n nù ún mọ́ ṣòkòtò. Ó mà ṣe o!

Wọ́n lè dákẹ́. Ta ni ì bá mọ̀? Wọ́n lọ jẹ́wọ́ nílé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Mẹ́jọ dárí jì wọ́n. Bàbá Káfíńtà ti ilẹ̀kùn. Oṣooṣù ni Bàbá ń lọ kan ilẹ̀kùn yẹn. Àwọn ará ilé á ní onílé kò sí nílé, Bàbá á sì máa gbọ́ ayùn rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Láràárọ̀ ni Bàbá ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà.

Nígbà tí àìsàn dé, wọ́n ń bi wá bóyá ẹnikẹ́ni wá. A mọ ẹni tí wọ́n ń bèèrè, ó sì dùn wá dọ́kàn. Wọ́n dákẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta, 2024.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Bàbá Káfíńtà dé pẹ̀lú okùn ìwọ̀n. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ ra pósí. Ó wọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ látorí dé ẹsẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ó ní bí Bàbá bá ti kanlẹ̀kùn lòun ń gbé ayùn, kóun má bàa dìde lọ ṣí i. Pákó tó là sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá fún ilé oyin tuntun, tí kò lọ́kàn láti kàn, ló fi kan pósí tí ẹ ń wò yìí.

Bàbá fi ìyá wa sáyé lọ, àti ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje, àti ọ̀rẹ́ kan tó pẹ́ kó tó dé.

Bàbá wa, wọ́n ti ṣílẹ̀kùn. Ẹ má kàn án mọ́. Ẹ sùn re o.