Orúkọ tí Mo Fi Òwú Kọ Sára Okùn Bàbá

                                                                Yàrá Kejì, Ilé Karùn-ún,
                                                                Àdúgbò Al Mamzar,
                                                                Dubai.
                                                                Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kìíní, 2026.

Ọmọ́yẹni, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyá ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ irun lọ́dọ̀ rẹ ńkọ́, ṣé wọn kò tíì fi dráyà jó ẹnikẹ́ni lórí? Mo mọ̀ pé ọyẹ́ ti mú ní Ṣakí báyìí, ètè gbogbo yín á ti máa là. Ẹ fi òrí pa á o.

Ní tèmi, ara le, inú mi sì ń dùn bí ẹni pé wọ́n gbé mi jókòó lé ìràwọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gééré lónìí tí mo ti di ìyàwó Adéjàre. Lánàá nínú métrò, obìnrin ọmọ Filipíìnì kan wò mí títí, ó wá bi mí bóyá mo jẹ lọ́tìrì ni. Mo ní rárá, ọkọ ni mo fẹ́. Láràárọ̀ tí Jàre bá ń lọ síbi iṣẹ́, á dé ẹnu ọ̀nà, á tún padà wá dágbére fún mi lẹ́ẹ̀kejì, títí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń gbé yàrá tó kángun sí tiwa á fi máa pariwo láti ẹ̀yìn pákó tí wọ́n fi pín ilé wa pé, "Habibi, yalla, ó yá, bọ́ọ̀sì ń lọ o!"

Ẹnu á yà ọ́ pé mo jókòó kọ lẹ́tà láyé fóònù yìí. Irọ́ ni, mi ò jókòó. Orí fìríìjì ni mo tẹ́ ìwé lé, orí ìdúró ni mo ti ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ ara rẹ: bí mo bá fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ, ńṣe lo máa tan án kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́. Pákó ilé wa níbí sì fẹ́lẹ́ débi pé a máa ń gbọ́ báwọn ará òdìkejì ṣe ń họ ara. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí táwọn oníbàárà rẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ lábẹ́ dráyà.

Lọ́jọ́ Ajé mo pè ọ́ pé kí o má tíì gbé àpò tó ti ọ̀dọ̀ wa dé fún Bàbá Jàre, kí o má sì bi mí pé kí ló dé. O ṣeun tí o kò bi mí. Mo mọ bí ẹnu ṣe máa yún ọ tó.

O mọ̀ pé ọfà ni Bàbá fi ń ṣọdẹ. Wọ́n ní ariwo ìbọn ń lé ẹran tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí sá. Ní ẹ̀ẹ̀rùn èṣín, pákó tí wọ́n kàn sórí igi apá kan lóko wọn dá mọ́ wọn nídìí, wọ́n já lulẹ̀, eegun èjìká wọn sì ṣẹ́. Nígbà tó san tán, àwọn ọmọ kó ọrun àti apó wọn gun àjà, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́. Bàbá kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kàn ń jókòó sẹ́yìnkùlé látàárọ̀ dalẹ́, wọ́n ń wo ọ̀nà oko. Èyí ló dun Jàre jù.

Iṣẹ́ Jàre níbí, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, gíláàsì àwọn ilé gíga ló ń nù. Orí okùn ló ń wà látàárọ̀ dọ̀sán. Ọjọ́ kan ló rí i nínú fídíò pé àwọn ọlọ́fà ìlú òyìnbó ní ohun kan tí wọ́n ń lò lórí igi, tó jọ bẹ́líìtì tí àwọn oníṣẹ́ bíi tirẹ̀ ń wọ̀. Gàárì igi ni wọ́n ń pè é. Aṣọ líle tó fẹ̀ ni, ó ń gba ìdí ọdẹ bí ọ̀já ṣe ń gba ìdí ọmọ. Okùn pẹlẹbẹ kan ta níwájú láti ìbàdí ọ̀tún dé tòsì. Okùn iwájú yìí ni wọ́n ń fi ìkọ́ irin so mọ́ okùn gbọọrọ tó yí igi ká. Ọdẹ á fẹsẹ̀ ti igi, á fara lé gàárì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á wá ráyè fa ọrun. Nígbà tí a fi han Bàbá lórí fóònù, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Igbà adẹ́mu lẹ mú, ẹ wá rán ìjókòó sí i. Ọdẹ ni mí o, mi ò dá ẹmu." A rò pé wọ́n kọ̀ ọ́ nìyẹn. Kí a tó pa fóònù ni wọ́n rọra bèèrè pé, "Ìgbà wo ló máa dé?"

Jàre ra okùn àti ìkọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á fún àwọn oníṣẹ́ bíi tirẹ̀. Èmi ni mo rán ìjókòó rẹ̀ ní Sharjah, níbi tí a ti ń rán àgọ́. Màsítà-jí, ọ̀gá wa, jẹ́ kí n lo ẹ̀rọ ńlá lẹ́yìn iṣẹ́. A gbé e lọ sí pákì etí òkun kí Jàre lè dán an wò lára ọ̀pẹ dàbínù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì ga ju orúnkún mi lọ tí síkiọ́rítì kan fi ń sáré bọ̀, ó ń fi Lárúbáwá pariwo pé ó tó: "Khalas! Khalas! Down!" Jàre ta gìrì, ó kígbe pé, "Yéè!" Ni síkiọ́rítì bá dúró.

"Ẹ̀n-ẹ́n, Yorùbá ni yín? Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀. Kámẹ́rà ń wò wá. Kí lẹ fẹ́ kí n kọ sínú ìwé, pé mo rí ọmọ Nàìjíríà lórí igi?"

Ìgbà tí a tú u tán, òun náà ló tún ń bèèrè bóyá ó lè gba ẹni tó sanra bíi tòun.

Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe nìyí. Ọjọ́ tí mo fẹ́ di ẹrù náà, Jàre wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo wo okùn iwájú yẹn, ó dúdú kirikiri, kò ní ẹwà kankan. Bàbá kò rí mi rí àfi lójú fóònù. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìyàwó tí ọmọ wọn fẹ́ mọ nǹkan án ṣe. Ọmọ́yẹni, inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo mú òwú aláwọ̀ wúrà tó ṣẹ́kù lára aṣọ ìgbéyàwó mi, mo fi kọ orúkọ Bàbá, ÀJÀNÍ ỌDẸ, sára okùn náà, mo sì fi òdòdó wínníwínní yí i ká. Ó rẹwà! Mo dì í, ẹrù lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, a ń jẹ ìrẹsì, Jàre ń sọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ wọn. Ó ní ẹni tuntun kan fi máákà kọ orúkọ rẹ̀ sára bẹ́líìtì rẹ̀ kí wọ́n má baà jí i. Ọ̀gá wọn gbà á, ó fi ọ̀bẹ gé e sí méjì lójú gbogbo wọn. Mo ní, nítorí orúkọ lásán? Ó ní, "Máákà nìyẹn o. Ká ní abẹ́rẹ́ ló fi gún un ni, wọ́n á lé e lọ sílé. Okùn tí wọ́n bá lu níhò ti bẹ̀rẹ̀ sí í já nìyẹn, ojú ò sì ní rí i."

Ìrẹsì há mi lọ́fun. Ihò mélòó ni mo lu? Mo ń kà á lọ́kàn, mo dé igba, mi ò lè kà á mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè dúró sójú kan. Mo ń fọ abọ́ tó ti mọ́. Mo sọ̀kalẹ̀ ní métrò níbi tí kì í ṣe tèmi. Lọ́jọ́rú mo rán ẹnu ọ̀nà àgọ́ kan pa mọ́ra. Màsítà-jí yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, "Bẹ́tì, ọmọ mi, ibo ni wọ́n máa gbà jáde?" Mi ò sọ fún Jàre. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré! Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ẹ̀bùn tí mo kọ́kọ́ fún bàbá rẹ̀ ni okùn tó máa já mọ́ wọn lórí igi. Ìwọ náà tún ń sọ fún mi pé Bàbá ti wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n jókòó sáàárín àwọn tó ń dirí, wọ́n ń kánjú pé kí o gbé ẹrù àwọn fáwọn. Kí ni wọ́n ń lé?

Mo ti ra okùn mìíràn ní ọjà Deira. Alhaja Wosilat, tí wọ́n wá ra ọjà níbí, ń padà sílé lọ́la. Okùn náà ló wà nínú ọ̀rá tí mo fi lẹ́tà yìí sí, àwọn ló máa gbé e wá fún ọ. Jọ̀wọ́, bá mi tú ti àkọ́kọ́, fi tuntun sí i, kí o sì wá ibi kan fi ti àkọ́kọ́ pamọ́ sí. Èmi àti ìwọ nìkan ni kó mọ

Ọ̀rẹ́ mi, mo ti padà dé. Ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Bí mo ṣe ń kọ ìlà yẹn lọ́wọ́ ni Jàre wọlé, tó bá okùn tuntun lórí fìríìjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Ta ló tún fẹ́ gun igi?" Mo ti ní irọ́ kan nílẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ló jáde. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tún wọ̀ ọ́ padà.

Ó ní, "Ṣé ohun tó ń dà ọ́ láàmú láti ọjọ́ Àìkú nìyí?"

Mo ní òun ni.

"Kì í ṣe oyún?"

"Oyún wo?"

Ló bá jókòó pẹ̀tẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Àṣé ó rí i pé oúnjẹ há mi lọ́fun, pé mi ò jẹun dáadáa mọ́, pé mò ń dìde mò ń jókòó, ó ti fi ọkàn ara rẹ̀ parí ọ̀rọ̀. Kò sì lè pa á mọ́ra. Ó ti pe Bàbá lọ́jọ́ Ajé! Ìdí tí wọ́n fi ń kánjú nìyẹn. Wọ́n fẹ́ ta èsúró, kí wọ́n yan án gbẹ, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìyàwó tó lóyún. Nítorí èmi ni wọ́n ṣe fẹ́ sáré gun igi, lórí okùn tí èmi fúnra mi lu níhò.

Mo bú sẹ́rìn-ín, mo bú sẹ́kún, mi ò mọ èyí tó ṣáájú. Àwọn ará ẹ̀yìn pákó tó gbọ́ "oyún" kígbe pé, "Ẹ kú oríire o!" Jàre ní, "Khalas, ẹ sinmi, kò tíì sí oríire níbí!"

Nítorí náà, fi okùn tuntun sí i, ṣùgbọ́n má fi okùn àkọ́kọ́ pamọ́ mọ́. Jàre ní okùn tí wọ́n bá fi pamọ́, ẹnìkan á padà rí i lò. Gbé e fún Bàbá, sọ ohun tí mo ṣe fún wọn, kí wọ́n fi ọ̀bẹ ara wọn gé e. Ibi tí orúkọ wà, bí wọn kò bá bínú sí mi jù, kí wọ́n bá mi so ó mọ́ apó ọfà wọn. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi àpò yanrìn kan sínú gàárì, kó wà lára igi látàárọ̀ dalẹ́ kí àwọn tó wọ̀ ọ́. Sọ fún wọn pé kò sí oyún, torí náà kò sí kánjúkánjú.

Bá mi kí Ìyá, kí o sì kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kọ́kọ́ jókòó sí i, kó má ga ju orúnkún lọ, kí ìwọ sì pè mí, kí o gbé fóònù sẹ́nu wọn. Bí ẹsẹ̀ wọn bá ti kúrò nílẹ̀, kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ohunkóhun. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n bú mi. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn wọn, èmi náà á jókòó.

                                                                Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ṣì wà lórí ìdúró,
                                                                Tèmítáyọ̀,
                                                                ìyàwó Adéjàre Ògúnjọbí.